Hárúnà Ìṣọ̀lá: Ìgbésí Ayé Ọ̀gá Àpàlà àti Orin tí Ó Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ

Nínú ìtàn orin ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún, àwọn akọrin díẹ̀ ni orúkọ wọn wọ inú irú orin tí wọ́n ń kọ débi pé a kò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́. Bí ènìyàn bá dárúkọ sákárà, Yusuf Ọlátúnjí ni ọkàn ń lọ bá. Bí ó bá dárúkọ dàdàkúàdà ní Ìlọrin, Odòlayé Àrẹ̀mú ni. Bí ó bá wá di ti àpàlà, àwọn ará Abẹ́òkúta lè kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ Àyìnlá Ọmọwúrà, wọn kò sì jẹ̀bi; ṣùgbọ́n nígbà tí òkìkí Ọmọwúrà fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, Hárúnà Ìṣọ̀lá ti wà lórí àga àpàlà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ àga yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Orí ìjókòó ni ọkùnrin náà ti máa ń kọrin, àwọn onílù yóò sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ bí ìgbà tí ọba bá jókòó láàárín àwọn ìjòyè.

Ọdún 1919 ni a bí i. Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní, ni ìlú tí ayé mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀; ibẹ̀ ni ó ti gbajúmọ̀, ibẹ̀ ni ó kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí. Mùsùlùmí ni, ẹ̀sìn náà kò sì jìnnà sí iṣẹ́ tí ó yàn láàyò. Nígbà tí ó ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá máa ń lu ìlù kiri àdúgbò ní òru oṣù Ramadan láti jí àwọn ènìyàn dìde fún sààrì. Inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti tọpasẹ̀ àpàlà, wọ́n sì gbà pé láàárín ìparí àwọn ọdún 1930 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni ó gba ìrísí tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, eré òru ààwẹ̀ di eré ọ̀sán, eré ọ̀sán di eré ìnáwó, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí rẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin kò ní ṣàì mọ irú ọ̀nà yìí, nítorí pé ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ó gba dàdàkúàdà àti wákà mọ́ra. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé gbòǹgbò dàdàkúàdà wà nínú ẹ̀sà eégún tí ó ti wà kí Ìsìláàmù tó gbilẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àárín àwọn Mùsùlùmí gan-an ni àpàlà ti yọ orí.

Ohun èlò àpàlà kò pọ̀, wọn kò sì náni ní owó ńlá. Ìlù tí a ń fún mọ́ abẹ́ apá ni olórí wọn. Ìlù yìí ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó sì ń dá akọrin lóhùn. Àkúbà ń tẹ̀ lé e. Agídìgbo, ìyẹn àpótí tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú tí a sì ń fi ìka ta, ni ó ń ro ní ìsàlẹ̀ tí ó ń di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kò gbẹ́yìn. Ohun tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Hárúnà ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, ohun náà ni ó sì wà níbẹ̀ títí dé òpin. Nígbà tí jùjú gba gìtá oníná, tí háílàìfù sì ń fi fèrè Òyìnbó dárà ní Èkó àti Ìbàdàn, ọkùnrin yìí kọ̀ jálẹ̀. Kò fi ohun èlò Òyìnbó kankan kún tirẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní orí kunkun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé ìdí wà níbẹ̀: ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì tutù, ó ń fẹ́ àlàfo tí ọ̀rọ̀ yóò fi dún ketekete. Gìtá ìbá ti bo àlàfo náà mọ́lẹ̀.

Àwo àkọ́kọ́ tí kò tà

Ní nǹkan bí ọdún 1947 ni ó kó ẹgbẹ́ jọ. Ní ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ His Master's Voice gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orin náà jẹ mọ́ Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé orí sókè, ìjákulẹ̀ kékeré kọ́ nìyẹn, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Òyìnbó kì í bá ẹni tí àwo rẹ̀ kò tà ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kò padà sílé. Òde ni ó mú lọ́kùn-únkúndùn: ó ń ti ìlú dé ìlú, láti ìsìnkú dé ìsọmọlórúkọ, láti ìgbéyàwó dé ìwúyè, títí tí àwọn ọlọ́rọ̀ àti olóyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fúnra wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn ìbànújẹ́ ṣẹlẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Ọba Adébóyè kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú. Hárúnà tún orin ọba náà ṣe, ó tún un gbà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin arò. Ní ìgbà yìí, gbogbo ènìyàn ni ó ń wá a. Ohun tí wọn kò kà sí nígbà tí ọba wà láàyè ni wọ́n ń fi owó wá kiri nígbà tí ó re ibi àgbà ń rè. Ibi tí òkìkí Hárúnà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn fi ọkàn sí i, nítorí pé orin kan náà ni. Ìgbà tí a kọ ọ́ àti ipò tí olùgbọ́ wà ni ó yí padà.

Ìtàn mìíràn tún rọ̀ mọ́ èyí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé ọfọ̀ wà nínú orin ọkùnrin yìí, àti pé ó léwu kí ó ki alààyè púpọ̀, kí onítọ̀hún má baà tẹ̀ lé ọba lọ. Ìtàn náà kò lè dúró lójú àyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kì tí wọ́n pẹ́ láyé dáadáa. Síbẹ̀, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń fi ojú tí àwùjọ fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ hàn. Òwe pọ̀ nínú orin rẹ̀, ìkìlọ̀ fún ọ̀tá pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń fa àyọkà Kùránì wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kó nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀ sí ẹnu kan, tí ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tútù láìbínú, kò sí bí àwọn ènìyàn kò ṣe ní í bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn orogún ò sì ṣàìsí. Kásúmù Àdìó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí wọ́n jọ figẹ̀ wọngẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, àwọn olùgbọ́ sì pín sí méjì, bí ó ti máa ń rí nínú gbogbo orin Yorùbá títí di òní. Àkókò náà ti kọjá, ìjà náà sì ti rọ̀. Hárúnà ni ó borí, àwọn olólùfẹ́ sì fi Bàbá Gàní Àgbà dá a lọ́lá.

Láti ìṣẹ́jú mẹ́ta sí òru mọ́jú

Láti lóye iṣẹ́ tí Hárúnà ṣe, ó yẹ kí a ronú sí bí àwo orin ayé ìgbà náà ṣe rí. Àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Ní òde ìnáwó, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ ni ó ti lè kọrin fún wákàtí mẹ́rin, ó sì lè tó mẹ́wàá nígbà mìíràn. Olówó kan yóò wọlé, ìlù yóò kọ́kọ́ pè é lórúkọ kí akọrin tó ya ẹnu. Akọrin yóò wá ki ìdílé rẹ̀, yóò mẹ́nu ba iṣẹ́ rẹ̀, yóò gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, yóò sì fi òwe kan dí i. Bí ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ ni owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Elòmíràn yóò tún wọlé. Àwọn elégbè ni wọ́n ń so ti ẹni àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti ẹni kejì kí orin má baà já. Irú iṣẹ́ báyìí ni a wá ń gé kúrú sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ohun tí ó kù lórí àwo ni egungun orin. Ẹran rẹ̀ wà lóde.

Nígbà tí àwo ńlá dé, èyí tí ojú rẹ̀ kan lè gba tó ogún ìṣẹ́jú, àpàlà rí ààyè na ẹsẹ̀. Hárúnà wà lára àwọn tí wọ́n mọ àǹfààní yìí lò jù lọ. Ní ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ Decca gbé Oroki Social Club jáde. Òròkí jẹ́ oríkì ìlú Òṣogbo, ẹgbẹ́ afẹ́ kan níbẹ̀ tí ó máa ń ṣeré fún ni ó fi àwo náà yẹ́ sí. Orin náà gùn, ó rọlẹ̀, ó ń ṣàn bí omi tí kò kánjú. Ẹni tí kò wá láti Òṣogbo rí, tí kò sì mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí a dárúkọ, lè jókòó gbọ́ ọ tán. Iye tí àwọn òpìtàn orin sábà máa ń dárúkọ ni pé ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Kódà bí ènìyàn bá gé ìdajì iye náà kúrò, ìyókù ṣì ya ni lẹ́nu fún orin tí kò ní gìtá, tí kò ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn àjèjì lè dì mú, tí ó sì jáde nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí pọ́n-ùn àti ṣílè sì ṣì ni a ń ná ní Nàìjíríà.

Ta ni ó ni orin?

Ohun tí ó ya Hárúnà sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá ohùn. Ó rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ akọrin kò rí títí wọ́n fi kú. Nínú ètò tí ó wà nígbà náà, ilé-iṣẹ́ àjèjì ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni àwo, òun náà ni ó ń sọ iye tí ó tà. Akọrin a gba ìwọ̀nba owó tirẹ̀, a sì padà sí òde ìnáwó. Orin tí ó ti ẹnu akọrin jáde ti di ohun ìní ẹlòmíràn kí ó tó dé ilé.

Ní ọdún 1969, Hárúnà àti I. K. Dáìró, ọ̀gá olórin jùjú láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, da owó pọ̀ láti dá ilé-iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀. Àwọn òpìtàn orin kà á sí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olórin fúnra wọn ni. Ìpinnu náà tọ́ sí ìyìn ní ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìíní, oníjùjú àti alápàlà ni wọ́n pawọ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Bákan náà, ọ̀kan jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, èkejì jẹ́ Mùsùlùmí. Lọ́nà kejì, kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn tí wọn ìbá wò ṣe àwòkọ́ṣe. Pé Oroki Social Club ṣì jáde lábẹ́ Decca lẹ́yìn ọdún méjì fi hàn pé kò rọrùn láti já okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Síbẹ̀ kò jáwọ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ó gbé ilé-iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó pè é ní Phonodisk. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ Èkó ni ó ní nígbà náà. Nǹkan ìyanu ibẹ̀ ni pé ọkùnrin tí kò gbà kí gìtá wọ inú orin òun ni ó ra ẹ̀rọ ìgbàlódé tí àwọn onígìtá ń rìnrìn àjò wá lò. Ẹni tí ó bá rò pé ó kórìíra ohun titun ti ṣì í mọ̀. Ohun tí ó ń ṣọ́ ni ibi tí ohun titun yóò jókòó sí: ó gbà á láàyè nínú yàrá ẹ̀rọ, kò gbà á láàyè láàárín àwọn onílù.

Ó tún rin ìrìn àjò. Ó ṣeré ní Benin, ó dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti Ítálì, ó sì wà lára àwọn olórin Nàìjíríà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé orin ìbílẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1981, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè M.O.N. dá a lọ́lá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1983, ó papò dà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Àyìnlá Ọmọwúrà ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1980, nítorí náà láàárín ọdún mẹ́ta ni àpàlà pàdánù àwọn òpó rẹ̀ méjèèjì tí ó tóbi jù lọ.

Orin bàbá lẹ́nu ọmọ

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, fújì ni ó gba ìgboro. Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá ni àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé, ìlù wọn pọ̀, ó sì le. Ní etígbọ̀ọ́ ẹni ogún ọdún, àpàlà di orin àwọn bàbá tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Hárúnà, Músílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá, wà lẹ́nu iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó ń ṣe é níwọ̀nba, kò sì fi í sílẹ̀.

Ní ọdún 2000 ni ó gbé Soyoyo jáde. Orin bàbá rẹ̀ ni ó padà lọ gbé níbẹ̀. Ó mú un yá díẹ̀ sí i, ó gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó mọ́ gaara, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí ó jọ ti bàbá débi pé àwọn àgbàlagbà ń dúró gbọ́ ọ. Láìpẹ́, kò sí òde ìnáwó tí a kò ti ń gbọ́ ọ, títí kan àárín àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí nígbà tí Hárúnà wà láyé.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní Amẹ́ríkà, Natalie Cole ṣe àwo kan ní ọdún 1991 tí ó kún fún àwọn orin jáàsì àti orin afẹ́ àtijọ́ tí bàbá rẹ̀, Nat King Cole, ti fi gbajúmọ̀ kí ó tó kú ní 1965. Wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rọ so ohùn olóògbé náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀kan lára wọn, bí ẹni pé bàbá àti ọmọ dúró síwájú ẹ̀rọ kan náà. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy tí ó ga jù lọ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Àwọn orin tí Natalie Cole tún kọ jẹ́ orin tí àwọn akéwì-orin kọ sílẹ̀ lórí ìwé, tí ẹnikẹ́ni lè gbà kọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Orin àpàlà kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti di olóògbé. Bí ọmọ bá kọ ọ́ bí bàbá ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, àwọn òkú ni yóò máa kì níwájú àwọn alààyè tí wọ́n wá ná owó. Bí ó bá sì fi orúkọ alààyè rọ́pò ti òkú, ọ̀rọ̀ yí padà, bí ọ̀rọ̀ sì ti yí padà ni ohùn ìlù náà gbọ́dọ̀ yí, nítorí pé àmì ohùn orúkọ Adé kò bá ti orúkọ Bọ́lá mu. Ìṣòro tí ẹni tí ó bá fẹ́ jogún orin alohùn máa ń bá pàdé nìyí, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè bá a yanjú rẹ̀. Ó di dandan kí ó mọ oríkì, kí ó mọ òwe, kí ó sì ní onílù tí ó gbọ́ èdè.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé eré tí Músílíù sá ti pọ̀ jù, pé ìfarabalẹ̀ bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Ẹni tí ó bá gbọ́ Oroki Social Club tán tí ó sì gbé Soyoyo lé e yóò mọ̀ pé ijó ni èkejì ń pè, nígbà tí àkọ́kọ́ ń pe ìrònú. Ṣùgbọ́n Hárúnà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí ó gbé orin 1948 tí kò tà, tí ó yí i padà di arò, tí ó sì tún un gbé wá sójú ọjà. Ọmọ kò ṣe ju ohun tí bàbá ti ṣe lọ.

Ní ọdún 2001, ọdún kan lẹ́yìn Soyoyo, ilé-iṣẹ́ IndigeDisc ní Amẹ́ríkà ṣa lára àwọn orin Hárúnà àtijọ́ jọ sínú àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pè ní Apala Messenger. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ni wọ́n ṣe é fún. Ohùn tútù náà, agídìgbo àti ìlù tí ń fèsì ni wọ́n ń rà. Ní ilé níhìn-ín, àwọn olórin tí wọ́n kéré sí Músílíù ti tún gbé àpàlà lọ síbòmíràn. Terry Àpàlà, fún àpẹẹrẹ, ń kọ ọ́ lé ìlù àwọn ọ̀dọ́ òde òní, ó sì fi orúkọ orin náà ṣe orúkọ ara rẹ̀. Ní òde ìnáwó, bí ẹni tí ń gbé orin sí i bá ti fi Soyoyo sí i, àwọn ọ̀dọ́ á bọ́ sójú agbo. Bí wọ́n bá jó o tán, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi rán ọmọ sí i pé kí ó wá ti bàbá rẹ̀ fi sí i.